Òkúta Kì í Dá Sọ̀rọ̀

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde fi fọ́tò ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹ̀ka wa. Ó dúró níwájú ilé gàgàrà olókùúta kan ní Chichén Itzá, ìlú àtijọ́ àwọn Maya ní Mẹ́síkò. Gbogbo wa kí i kú oríire. Ẹnì kan wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àwọn èèyàn yìí mà ti parẹ́ o!"

Wọn ò parẹ́. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù Maya ṣì wà ní Mẹ́síkò àti Guatemala, wọ́n sì ń sọ nǹkan bí ọgbọ̀n èdè tó jẹ́ ti ẹbí kan náà. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ èyí. Ní 1562, àlùfáà Sípéènì kan, Diego de Landa, dáná sun ìwé wọn ní ìlú Maní. Mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù lónìí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó lè ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Ní 1952 ni Yuri Knorozov, onímọ̀ kan ní Soviet Union, fi hàn pé púpọ̀ nínú àmì náà dúró fún sílébù. Ohun tó jẹ́ kí kíkà rẹ̀ ṣe é ṣe ni pé àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó gbẹ́ òkúta náà ṣì ń sọ èdè wọn. Ká ní èdè yẹn ti kú ni, iwájú òkúta tó yadi là bá máa ya fọ́tò.

Ọjọ́ kejì tí fọ́tò yẹn dé, mo lọ kí ìyá àgbà mi ní Olówógbowó. Apọ́ngbọ̀n ni mo ti bọ́ọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ni "Apongbon", láìsí àmì ohùn kankan. Ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá àgbọ̀n ni, àgbọn ni, tàbí agbọ́n? Ìyá àgbà ló là á yé mi nígbà tí mo wà ní kékeré. William McCoskry, òyìnbó oníṣòwò tó ṣe adelé gómìnà Èkó ní 1861, ní irùngbọ̀n pupa. Àwọn ará Èkó wò ó, wọ́n sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n.

Àdúgbò tí ìyá àgbà ń gbé gan-an kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Sàró, àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n gba Freetown padà wálé, ló tẹ̀dó sí Olówógbowó. Sàró ni Samuel Ajayi Crowther, tó ṣiṣẹ́ ribiribi lórí kíkọ èdè wa sílẹ̀. Èkó yìí náà ni wọ́n ti ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1875. Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí mo lò ní ẹ̀ka yìí, a ò lọ síbẹ̀ rí.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì á wí: kí ló kù níbẹ̀ tí èèyàn á lọ wò? Òótọ́ ni pé ilé ń lọ. Ìlójò Bar ní Tinúbú Square, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855, jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Wọ́n wó o ní September 2016. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bí ìyá àgbà mi sí náà ti di ṣọ́ọ̀bù. Títún ilé àtijọ́ ṣe wọ́n, ebi sì ń pa ọmọ onílé. Akẹ́kọ̀ọ́ ò lè fi ọwọ́ dá katakata dúró. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í wó bí ilé. Ìgbà tí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ bá lọ ló ń wó.

Lọ́jọ́ náà, mo bi ìyá àgbà léèrè ìdí orúkọ agbolé kan lẹ́yìn ilé wọn. Ó ronú títí. Ó ní: "Ọmọ mi, ìyá mi sọ ọ́ fún mi. Mo ti gbàgbé." Láti ọdún kìíní ni mo ti ń fi fóònù mi gba ohùn àwọn àjèjì sílẹ̀ fún iṣẹ́ kíláàsì. N kò tíì tàn án níwájú rẹ̀ rí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dá a lábàá pé kí ìrìn-àjò ìmọ̀ ẹ̀ka wa lọ́dún yìí jẹ́ Olówógbowó, Ìsàlẹ̀ Èkó àti Pópó Àgùdà. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti àwọn àgbà ní méjì méjì, ká gba ìtàn orúkọ àdúgbò sílẹ̀, ká fi àmì ohùn tó péye sí i, ká kó o sí ilé ìkàwé wa. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ bá wa dá owó ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín àgbà ṣì wà láyé, ẹ má dúró de ẹ̀ka.

Èmi ń padà lọ ní Sátidé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, ká pàdé ní Apọ́ngbọ̀n láago mẹ́sàn-án àárọ̀.