Kẹ́ẹ̀gì Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ẹni tó bá ti gba títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin kọjá rí kò ní ṣàì mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ń yà sí kí èrò lè jẹun, ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ àjàgbé ń sùn mọ́jú, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Okìtìpupa ti ń pàdé. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì dojú kọ wọ́n, ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ẹnu gbogbo Yorùbá pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.” Àwa tí a bí lẹ́yìn ogun náà ń fi í ṣàwàdà: bí ìdánwò bá le, ìjà Ọ̀rẹ̀ ni, bí ata bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ìjà Ọ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìjà tó ń dé bá àwọn ará Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó lóde òní kì í ti ọwọ́ ológun wá. Orí táyà ni ó ń gùn wọ̀lú.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2023, táńkà epo bẹntiróòlù kan ṣubú ní Ọ̀rẹ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó. Epo tú sílẹ̀, àwọn ènìyàn gbé ohun èlò jáde láti bù ú, iná sì sọ. Ènìyàn mẹ́jọ ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kà ní òkú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn sọ pé wọ́n ju 20 lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó pe àwọn olóògbé náà ní olójúkòkòrò, kí ó kọ́kọ́ rántí oṣù tí a wà. Epo tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ti kọjá 600 náírà ní Àbújá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹni tó gbé garawa jáde lọ́jọ́ náà, owó oṣù kan ni ó rí tó ń ṣàn nínú gọ́tà. Mo lè mọ ìdí rẹ̀ láìfara mọ́ ọn. Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, irú rẹ̀ pa ènìyàn tó ju 140 lọ ní Majia ní Ìpínlẹ̀ Jigawa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ó tún pa èyí tó ju 80 lọ ní oríta Dikko ní Ìpínlẹ̀ Niger.

Ohun tí kì í tètè yé ènìyàn ni pé kì í ṣe epo olómi yẹn gan-an ni ó ń gbaná, bí kò ṣe oru tó ń tú jáde lára rẹ̀. Ojú kì í rí oru yìí. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń rá mọ́. Ó ń wọ inú gọ́tà, ó ń tẹ̀lé ibi tí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí, ó sì lè bá iná ìdáná olówó ọ̀sán kan pàdé ní ibi tí ẹni tó ń bu epo kò lè fojú rí. Nígbà tí ó bá gbaná níbẹ̀, iná náà yóò gba ọ̀nà tí oru gbà wá padà sí ìdí táńkà. Ẹni tí kò fọwọ́ kan epo rárá, tó kàn dúró láti fi fóònù ya fọ́tò, wà lójú ọ̀nà iná náà bí ẹni tó ru garawa.

Èyí ni mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ táńkà kì í ṣe ti ojú títì nìkan, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Gbogbo ẹbí tó ń gbé nítòsí títì yẹn ní láti ti ṣe ìpinnu tiwọn kí ọjọ́ náà tó dé. Tí a bá gbọ́ pé táńkà ti ṣubú, kò sí ẹni tó ń lọ wòran. Ẹni tó ń dáná yóò pa iná. Jẹnẹrétọ̀ náà yóò di pípa bí kò bá tíì sí òórùn epo nítòsí. A ó ka àwọn ọmọ, a ó sì jáde lọ sí òkè, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọ̀dọ̀ táńkà, kí a sì jìnnà sí gọ́tà. Ibi tí gbogbo wa yóò ti pàdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ dájú: abẹ́ igi máńgòrò báyìí, iwájú ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni. 122 ni ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé nọ́ńbà méjì yìí nìkan. Ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn panápaná àti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé ní tòótọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú máàkà. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí títì náà lọ. Omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó ń tà, fírísà kan ṣoṣo ni ó sì gbójú lé. Bí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Nítorí jẹnẹrétọ̀ yìí, kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn iyàrá tí òun, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń sùn sí. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé e síta. Ó ní, “Àbúrò mi, bí mo bá gbé e síta lálẹ́, àwọn kan á ti bá mi gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé ìwọ ni wàá ra òmíràn fún mi?”

Òótọ́ ni ó sọ. Ìmọ̀ràn tó kàn sọ pé kí a má gbé epo sínú ilé, tí kò sọ ohun tí a ó ṣe sí olè, ìmọ̀ràn fún ẹni tó ní ọgbà àti ọdẹ ni. Ohun tí a fi yanjú rẹ̀ kò díjú. Wẹ́dà kan ní àdúgbò fi irin àlòkù ṣe àgò tó ní ilẹ̀kùn àti àgádágodo, ó sì so ó mọ́ ògiri lẹ́yìn ilé, ní ibi tí oòrùn kì í dé, tó jìnnà sí ilé ìdáná. Lítà 25 náà sì di lítà mẹ́wàá, nítorí ohun tó ń lò lọ́jọ́ méjì kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí epo bá tilẹ̀ di ọ̀wọ́n lọ́la, yóò kúkú tò bí àwọn ará yòókù ṣe ń tò. A tún fohùn ṣọ̀kan lórí ohun méjì: a kì í da epo sínú jẹnẹrétọ̀ tó ṣì gbóná, a kì í sì í tan fìtílà tàbí àbẹ́là láti fi wo ibi tí epo dé nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i tí àgbàlagbà ṣe é.

Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́? Kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń bẹ nínú èéfín rẹ̀ tí a ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá ń sùn kì í mọ̀ ọ́n lára. Ìdílé odindi lè sun oorun alẹ́ kí wọ́n má jí mọ́, kí àwọn ará àdúgbò sì máa wá oúnjẹ tí wọ́n jẹ tàbí ọ̀tá tó sà sí wọn. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, kí ihò èéfín rẹ̀ kọjú síta.

Nípa gáàsì ìdáná, n kò ní pẹ́ níbẹ̀: ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n. Òun náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ ti sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ẹ má tẹ bọ́tìnnì iná kankan, ì báà jẹ́ láti tàn án tàbí láti pa á. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí ó ti ń jò, kì í ṣe ìṣáná. Bí òróró inú ìkòkò bá gbaná, ẹ fi ọmọrí dé e kí ẹ sì pa iná abẹ́ rẹ̀. Omi yóò kàn fọ́n iná náà ká gbogbo ilé ni.

Irin ojú fèrèsé ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀, nítorí òun ni ó ń já mi láyà jù. Kò sí ilé tuntun kan ní Ọ̀rẹ̀ tí kò ní i. Olè ni a torí rẹ̀ ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n irin tí kò jẹ́ kí olè wọlé kò ní jẹ́ kí ọmọ jáde. Ilẹ̀kùn irin iwájú ilé, àgádágodo méjì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, inú àpò bàbá. Bàbá, ẹnu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo iná tó sọ ní agogo méjì òru nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí èéfín sì ti gba gbogbo òkè iyàrá. Ó yẹ kí ojú fèrèsé kan, ó kéré tán, ní irin tó ṣeé ṣí láti inú bí ilẹ̀kùn. Wẹ́dà tó ṣe àwọn yòókù lè ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ ní ibùgbé kan ṣoṣo, lójoojúmọ́, ní ibi tí ọwọ́ lè tọ́ ọ nínú òkùnkùn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé nínú èéfín, rírá ni a ń rá jáde, nítorí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí wà. Bí iná bá ran aṣọ ẹni, a kì í sáré: a ó wólẹ̀, a ó sì máa yí gbirigbiri títí yóò fi kú.

Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe yìnyín. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi ike bu ti kànga dà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ara tó wú. Ẹyin, ògì, epo pupa, ọṣẹ ìfọyín: gbogbo ìwọ̀nyí ń há ooru mọ́ ara ni, dókítà yóò sì tún ní láti fọ̀ wọ́n kúrò lára ẹran tó ti bó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹ sì gbéra. Fún àwọn tó ń gbé ní abà ní agbègbè igbó Olúwa, ti ejò ni ó sún mọ́ wọn jù: ẹ má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dè é pinpin, ẹ má fi ẹnu fa oró. Ẹ mú kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kí ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹnì kan sì jókòó sẹ́yìn láti dì í mú.

Àwọn ìwé òkèèrè a máa ka oúnjẹ inú agolo tí yóò tó ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹbí. Gàárì ni agolo tiwa. Ẹ kàn rí i pé ìdérí rẹ̀ le, nítorí pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń yọ lẹ́nu jù, eku ni ó sì ń gbé e wọlé. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kó wà nínú àpò kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn kò pọ̀: ẹ̀dà ìwé ìbí àti ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà NIN gbogbo ará ilé, oògùn tí ìyá àgbà ń lò lójoojúmọ́, tọ́ọ̀ṣì, ìwé kékeré tí a kọ nọ́ńbà àwọn ènìyàn sí, àti owó díẹ̀ ní ọwọ́. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ẹni tó ní owó ní báńkì kò rí náírà tí yóò fi wọ ọ̀kadà.

Mo mọ ohun tí ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sọ nígbà tí a ń to àpò náà: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fi ẹnu yín pe ibi.” Mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni mo rán Màmá létí pé àwọn ìyá tiwọn kì í jẹ́ kí àmù omi gbẹ lóru nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, torí iná orí koríko ilé, kò sì sí ẹni tó sọ pé wọ́n ń pe iná. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, “Ta ni yóò gbé mi?” Orúnkún wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn mọ́. Ìbéèrè tó dára jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ti ronú kàn án.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a dán an wò. Ẹ̀gbọ́n mi na agogo aláago, àwọn ọmọ rá jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yá iyàrá ẹ̀yìn pọn Màmá jáde gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe àdéhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá kí gbogbo wọn tó dé abẹ́ igi. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lé ní méjì tí a fi ń wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn irin, tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ti wà lórí ìṣó báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún méje lè tó. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni, Màmá sì ní kí wọ́n má tún gbé òun láìjẹ́ kí òun kọ́kọ́ we gèlè.