Ẹ̀yin Aṣòfin, Ẹ Dáàbò Bo Ilé Ọ̀pọ̀lọ́ Òkè Ìdànrè

A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ka àkọlé ọ̀rọ̀ wa yìí. Wọn yóò ní, ní àkókò tí gàrí gbówó lórí, tí ọkọ̀ ẹrù dí ọ̀nà èbúté, tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá iṣẹ́ kiri, kí ni ti ọ̀pọ̀lọ́ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́? A dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ òfin ni láti gbèjà ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e.

Ọ̀pọ̀lọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ń fò kiri ẹ̀yìnkùlé wa. Ní gbogbo ayé, orí òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìkan ni a mọ̀ ọ́n sí. Ní ọdún 1963 ni Arne Schiøtz, onímọ̀ ará Dẹ́ńmáàkì, kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún aráyé, tí ó sì fi orúkọ Perret, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ ọ́. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí. Lẹ́yìn náà ni ó di àwátì. Ó lé ní 40 ọdún kí àwọn olùwádìí, tí àwọn ará Yunifásítì Èkó wà lára wọn, tó kéde ní ọdún 2014 pé a tún ti rí i lórí òkè kan náà.

Ohun tí ó mú kí ewu rẹ̀ pọ̀ ni ibi tí ó ń tọ́ ọmọ sí. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn a máa yé ẹyin sínú kòtò omi tàbí adágún. Ti Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, omi tín-ín-rín a máa sun láti inú pàlàpálá àpáta, a sì máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú òkúta. Inú omi tí kò tó bo ọmọ ìka yìí ni àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà ń gbé kí wọ́n tó yọ ẹsẹ̀. Bí a bá pa igbó tí ó yí àpáta náà ká run, bí iná bá ń jó o ní ọdọọdún, tàbí bí ẹnìkan bá fi ìbọn òkúta fọ́ àpáta náà, omi náà yóò gbẹ. Kò sì sí òkè mìíràn tí a mọ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ náà lè sá lọ.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan ará Olódì-Àpápá nínú ọ̀ràn òkè Ìdànrè. Ó kàn wá púpọ̀. Kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ìlú náà ń gbìn ń gba èbúté Àpápá, ìtòsí wa níbí, lọ sí òkè òkun. Àwa náà sì ti jẹ ìyà ilẹ̀ tí a kò bọ̀wọ̀ fún. Àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Olódì-Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní àtijọ́, ilé àkèré àti kọ̀ǹkọ̀. A da yanrìn àti pàǹtí sí i, a kọ́lé lé e lórí. Àkèré lọ, ṣùgbọ́n omi kò lọ. Nígbàkúùgbà tí òjò ńlá bá rọ̀, omi tí a gba ilé rẹ̀ a máa wá bá wa nínú yàrá. Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ fún àwọn tí ilẹ̀ tiwọn kò tíì bàjẹ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ jù wá lọ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni ọlọ́dẹ òru inú oko. Ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ ikán, kì í sì í gba owó oṣù. Àwọn ará Íńdíà fi ọ̀ràn yìí ṣeré rí. Wọ́n ń kó àkèré inú oko ìrẹsì wọn, wọ́n ń ta ẹsẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí àkèré dín kù, kòkòrò gba oko, owó tí wọ́n sì rí lórí ẹsẹ̀ àkèré ń padà lọ sórí oògùn apakòkòrò. Ní ọdún 1987, ìjọba wọn fòfin de òwò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: òfin òwò ni Íńdíà ṣe, nítorí pé òwò ni ó ń pa àkèré wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè kò sí lọ́jà. Ohun tí ó lè pa á ni kí ilé rẹ̀ parẹ́. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ kéde pé nínú 100 irú ẹ̀dá tí ń gbé omi tí ń gbé ilẹ̀ ní àgbáyé, ewu ìparun ń wu nǹkan bí 41. Nínú àwọn tí ewu náà ń wu, 93 nínú 100 ni ìbàjẹ́ ibùgbé ń dà láàmú. Òfin tí ó bá ṣọ́ ọjà tí kò ṣọ́ ilé kò lè gba irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ là.

Níbí gan-an ni òfin ilẹ̀ wa ti kù díẹ̀ káàtó. Òfin ọdún 1985 lórí àwọn ẹ̀dá tí ó ṣọ̀wọ́n dá lórí òwò wọn láàárín orílẹ̀-èdè, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn. Ní ọdún 2025, Ilé Aṣojú-ṣòfin àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tuntun. A yìn wọ́n fún un, nítorí pé àwọn tí ń fi eyín erin àti ìpẹ́ akika ṣòwò ti dójú ti Nàìjíríà tó. Síbẹ̀, àpáta Ìdànrè kò lè gba ẹnubodè kọjá kí a tó dáàbò bò ó. Abala 20 ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 pàṣẹ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko ìgbẹ́. Àṣẹ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó wà nínú apá tí ilé ẹjọ́ kò lè fi ipá mú ìjọba ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn aṣòfin ni ó lè fún un lẹ́sẹ̀ rìn. Ní ọdún 2002, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà pè lórí òfin ìwà ìbàjẹ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi hàn pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní agbára bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àkókò ṣì wà. Ní ilẹ̀ Tànsáníà, ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ rí ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tí ń gbé inú ìrì omi tí ń já láti orí àpáta ní Kihansi, níbẹ̀ nìkan ṣoṣo ní ayé. Wọ́n ti ń kọ́ ìdídò iná mànàmáná lórí odò náà nígbà náà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, omi tí ń já dín kù jọjọ, ìrì náà gbẹ. Wọ́n sáré kó nǹkan bí 500 lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2009, a kéde pé kò sí ìkankan mọ́ ní Kihansi. Ní ọdún 2012 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ àtìpó náà padà sílé. Tànsáníà nílò iná bí àwa náà ti nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètò bá ti wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìnáwó àti wàhálà náà ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni à ń béèrè. Èkíní, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tí yóò pa ààlà yí àpáta, ìsun omi àti igbó orí òkè náà ká, kí ó sì ka iná sísun, igi gígé àti òkúta fífọ́ níbẹ̀ léèwọ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Wọn kò lè sọ pé Àbújá ni ó dí wọn lọ́wọ́. Èkejì, kí àwọn aṣòfin Àbújá kọ orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ yìí sínú òfin, kí ibùgbé irú ẹ̀dá tí kò ní ju ilé kan lọ sì di ohun tí a lè torí rẹ̀ pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ẹ̀kẹta, kí a yọ nínú owó tí àwọn tí ń gun òkè náà ń san, kí a fi gba àwọn ọmọ Ìdànrè ṣe ọlọ́dẹ ibẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Ogún tí a kò ṣọ́, olè ni yóò jẹ ẹ́.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni gba oko kòkó lọ́wọ́ olóko. Àwọn baba ńlá Ìdànrè gbé orí òkè náà pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ náà kò sì parun mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí a pe Ọwá, àwọn ìjòyè àti àwọn àgbẹ̀ síbi tí a ó ti pa ààlà náà, kí a sì san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí ààlà bá kàn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀ràn yìí di ti kóńkó jabele, kí kálukú máa ṣe tirẹ̀. Nígbà tí aṣòfin yín bá padà wá sílé láti kí yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: òfin wo ni ó ń ṣọ́ omi orí àpáta Ìdànrè? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ rán an padà lọ ṣe é.