Kí Ẹni Tó Ń Nu Fèrèsé Ka Wákàtí Rẹ̀ Kó Tó Dárúkọ Owó

Tí ọyẹ́ bá ti wọlé, eruku tó gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà kì í bèèrè ẹni tó ni ilé. L'Ékòó, láti Ìdó dé Ọ̀tọ̀, láti Òyìngbò dé Èbúté Mẹ́tà, gbogbo gíláàsì á dà bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀lùbọ́ kùn ún. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti dánfó á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Àsìkò yìí ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù máa ń ké sí ọmọkùnrin tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá: "Èló lo máa gbà bá mi nu gbogbo fèrèsé yìí?" Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń fèsì ni, "Ohun tí ẹ bá ní náà ni, mà."

Èsì yẹn dùn létí, ó sì jọ ti ọmọlúàbí. Òun gan-an ló ń pa iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Ká ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní fèrèsé 24, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 10, tinú tòde. Wákàtí 4 nìyẹn. Ká ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà fẹ́ kí 150,000 náírà wọ àpò òun lóṣooṣù, ó sì tún ya 50,000 sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀, ọṣẹ, rọ́bà, owó fóònù àti àkàbà tó máa bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó di dandan kí iṣẹ́ mú 200,000 wá. Ṣùgbọ́n wákàtí mélòó ni àwọn èèyàn ń sanwó fún lóṣù? Tó bá jáde fún ọjọ́ 22, tí òjò, gosiló àti wíwá oníbàárà sì jẹ àkókò rẹ̀ débi pé wákàtí 4 péré ló ń mówó wọlé lóòjọ́, wákàtí 88 ni gbogbo rẹ̀. Pín 200,000 sí ọ̀nà 88, wákàtí kan á jẹ́ náírà 2,273. Iṣẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn á wá jẹ́ 9,092, ìyẹn bíi 380 náírà lórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan.

Wàyí o, ká ní ó gba 5,000 fún iṣẹ́ kan náà torí pé ó ń bẹ̀rù kí oníbàárà má lọ pe ẹlòmíràn. Wákàtí kan ti di 1,250. Ìlọ́po 88 rẹ̀ jẹ́ 110,000. Yọ 50,000 ìnáwó kúrò, ó ku 60,000 náírà.

Owó oṣù tó kéré jù lọ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde pé 85,000 ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù l'Ékòó yóò máa gbà. Ọ̀dọ́ tó ń gun àkàbà l'Ọ́tọ̀, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò ní ìsinmi ọjọ́ àìsàn, ń gba ohun tó kéré sí ti ẹni tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ gba kékeré ju báyìí lọ. Ó sì rò pé òun jèrè, torí pé owó náà wọ ọwọ́ òun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gba owó ayé àtijọ́. Kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó pé, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kéde lọ́jọ́ náà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ó ti kọjá 480. Dọ́là tó wà ní bíi 470 náírà ní báńkì nígbà yẹn kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Wípà tó dára, èyí tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lójú gíláàsì, rọ́bà rẹ̀ àti aṣọ ìnugíláàsì tó máa ń gba omi dáadáa, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Ẹni tí kò sún owó iṣẹ́ rẹ̀ sókè láti ìgbà náà ti ń fi àpò ara rẹ̀ ran onílé lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún ń pọ̀ sí i ni. Àwọn ilé àtijọ́ l'Ọ́tọ̀ ní fèrèsé onípákó, lẹ́yìn náà ni lúfà dé. Ní báyìí, fèrèsé alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tì lọ tì bọ̀ ló kún àdúgbò. Wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté Mẹ́tà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, láti Òyìngbò dé Agbádó, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ibi tí èrò bá ń gbà ni ṣọ́ọ̀bù ń pọ̀ sí, ṣọ́ọ̀bù tí gíláàsì rẹ̀ dọ̀tí kì í sì í wu èèyàn wọ̀. Kọ́ńpínnì ńlá lè gba iṣẹ́ ilé alájà mẹ́wàá. Ti ṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn kékeré, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé gbígbé, ti adáṣiṣẹ́ ni.

Irinṣẹ́ wo ló wá yẹ kí adáṣiṣẹ́ kọ́kọ́ rà? Ọ̀pọ̀ á ní àkàbà. Rárá, wípà ni. Ní ayé àtijọ́, irin wúwo ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ó ní rọ́bà méjì, ìdè méjìlá ni èèyàn sì máa tú kó tó lè pààrọ̀ wọn. Ní àwọn ọdún 1930, ọmọ Ítálì kan tó ń nu fèrèsé ní Oakland ní Amẹ́ríkà, Ettore Steccone, ṣe èyí tó fúyẹ́, onídẹ, tó ní rọ́bà kan ṣoṣo. Títí dòní, irú èyí ni gbogbo ayé ń lò. Agbára rẹ̀ wà létí rọ́bà. Bí etí náà bá ti gbó, á máa fi ìlà omi sílẹ̀. Kí ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì lò, lẹ́yìn náà kí ó ju rọ́bà nù, kó má ju wípà. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 35 bá ọ̀pọ̀ fèrèsé mu. Ti lúfà yàtọ̀: aṣọ méjì, ọ̀kan tútù, ọ̀kan gbígbẹ, ló yá jù níbẹ̀, kí ó sì gba iye wákàtí tó tó bẹ́ẹ̀, torí ewé lúfà mẹ́wàá kì í ṣe fèrèsé kan.

Ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó. Bí ọṣẹ bá pọ̀ jù, gíláàsì á ní ìlà. Omi bọ́ọ̀hóòlù tó ní irin nínú máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ tó bá gbẹ sórí gíláàsì, nítorí náà kí wọ́n tètè fà á nù, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò tíì dé. Bíléèdì wà fún ọ̀dà àti sìmẹ́ǹtì, lórí gíláàsì tó tutù nìkan. Kò gbọdọ̀ kan gíláàsì tí wọ́n lẹ tíǹtì mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì po Hypo tàbí Jik pọ̀ mọ́ ọṣẹ ilé ìgbẹ́ tàbí ohun tó ní amóníà. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àkàbà ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Tí orí rẹ̀ bá fara ti ògiri ní mítà 4 sókè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1, kí ẹnìkan sì dì í mú nísàlẹ̀. Owó ẹni tó ń dì í mú gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí oníbàárà máa san. Ní àdúgbò tí wáyà Nẹ́pà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé, àkàbà alumíníọ̀mù lè gbé iná. Ní Ìlú Ọba, òfin iṣẹ́ ibi gíga tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 ní kí wọ́n yẹra fún gígun òkè tí ọ̀nà míì bá wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ níbẹ̀ fi ń dúró nílẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn tó ń pọn omi tí wọ́n ti yọ gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò fọ gíláàsì. Ẹni tí kò bá ní ọ̀pá gígùn l'Ọ́tọ̀, kó sọ pé òun kì í ṣe ìta òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí owó fèrèsé tó tó owó ìtọ́jú orí tó fọ́.

Kí àwọn tó ń nu fèrèsé wo ilé kí wọ́n tó dárúkọ owó. Fèrèsé tí wọn kò tíì nù láti ọdún kan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń nù ní oṣooṣù, nẹ́ẹ̀tì àti irin ààbò náà ní owó tiwọn. Oníbàárà tó bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì lè gba ẹ̀dínwó, torí kò ní ná wọn ní wíwá kiri mọ́. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń ka owó orí lé lọ́dún ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí, wọ́n sì máa ń yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ kò ní rí ohun tó máa fi hàn.

Àwọn télọ̀, mẹkáníìkì àti fọkanáísà l'Ékòó ti ní ẹgbẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn tó ń nu fèrèsé l'Ọ́tọ̀ náà lè jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí iye tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní gbà sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi ìtìjú ọmọ ọlọ́mọ ra iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Ẹ bi í léèrè wákàtí mélòó ló máa lò, kí ẹ sì sanwó wákàtí náà. Àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì: kí ẹ tó ra àkàbà, ẹ ra ìwé kékeré kan àti bíírò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wákàtí yín sílẹ̀ láti orí iṣẹ́ ọ̀la.