Ẹ̀yin Ìyá, Ẹ Sọ Ọ́ fún Àwọn Ọmọ Yín

Kò sí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò ní dúró bí ó bá pẹ́ láyé. Èyí kì í ṣe àrùn. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń dúró. Ṣùgbọ́n nínú 100 obìnrin, ó tó ẹnì kan tí tirẹ̀ ń dúró kí ó tó pé 40 ọdún. Orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí i. Ìyá ọkọ a ní ó ti ba inú ara rẹ̀ jẹ́ nígbà ọmọge. Àwọn aládùúgbò a ní ayé ló ń bá a jà. Òun náà a máa ti ilé babaláwo bọ́ sí ilé àdúrà, owó a sì máa lọ. Ẹ̀sùn kí ni a fi ń kan ẹni tí kò ṣẹ̀? Bí a ti ń jogún ìdúró àti àwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìran ní ọwọ́ nínú ìgbà tí nǹkan oṣù yóò dúró. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe àyẹ̀wò nǹkan bí 200,000 obìnrin tí ìran wọn ti Yúróòpù wá (ìbá wù mí kí wọ́n ka àwa náà mọ́ ọn), wọ́n sì rí ibi 290 nínú ohun àjogúnbá ara tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ti bàbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má gbàgbé àwọn arábìnrin bàbá yín. Sìgá mímu náà a máa mú un yá.

Ẹni tí tirẹ̀ bá tètè dúró, egungun rẹ̀ lè tètè di ẹlẹgẹ́, àrùn ọkàn sì lè tètè bá a. Dókítà ní oògùn tí ó ń rọ́pò ohun tí ara kò pèsè mọ́. Ẹni tí ó sì ń fẹ́ bímọ kò ní fi ọdún ṣòfò bí ó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí àwọn ìyá sọ ọ́, èmi kò sì gbà pé ìtìjú yìí wúlò. Ẹ bi Màmá léèrè. Bí wọn kò bá rántí iye ọdún, ẹ fi ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn wọn ṣírò rẹ̀. Bí ti ìyá tàbí ti ẹ̀gbọ́n yín bá dúró kí wọ́n tó pé 45, ẹ sọ ọ́ fún dókítà nísinsìnyí. Ẹni tí kò tíì pé 40, tí kò lóyún, tí kò sì rí nǹkan oṣù fún oṣù mẹ́ta, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn.