Ta Ni Wolé-wolé Ilé Àwọn Àgbà?

Ẹni tó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1978, bí èmi náà ti ń lọ nígbà tí mo bá ti ilé-kéú dé, yóò rántí ọjọ́ tí íńsípẹ́kítọ̀ máa ń wá. Bí wọ́n bá ti sọ fún ọ̀gá wa pé ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì, láti ọjọ́ Àtìní ni a ó ti máa gé koríko, tí a ó máa fi ẹfun kun ògiri. Tíṣà yóò kó àwọn tí orí wọn pé síwájú, yóò sì tún kọ́ wa ní iṣẹ́ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Íńsípẹ́kítọ̀ yóò wo ìwé tíṣà, yóò bu ọwọ́ lù ú, yóò sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, pàṣán yóò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wolé-wolé kò rí bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé kì í ránṣẹ́ kí ó tó dé. Bí ó bá wọ agbolé, kì í béèrè ìwé, ìdí àmù ló ń lọ. Yóò ṣí ọmọrí, yóò tẹ orí ba, yóò wo inú omi. Bí ó bá rí tanwíjí níbẹ̀, kò sí àlàyé tí ìyá onílé lè ṣe. Àwọn ìyá wa kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni omi tí àwa ọmọdé ń mu fi mọ́.

Àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹni tí kò bá wo inú àmù kò tí ì ṣe àbẹ̀wò, ojú ọmọ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wo inú àmù yìí, nítorí ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni n óò ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀, àwọn àgbà wa tó ti darúgbó síbẹ̀ náà sì ti ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009 ni àjọ tí wọ́n ń pè ní Care Quality Commission bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2008. Ìbéèrè márùn-ún ni àwọn alábẹ̀wò rẹ̀ ń bá wọ ilé: Ṣé ewu kò sí fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀? Ṣé ìtọ́jú náà ń ṣe wọ́n láǹfààní? Ṣé àánú wà lójú àwọn tó ń tọ́jú wọn? Ṣé wọ́n ń fi ti olúkúlùkù ṣe? Ṣé ẹni tó ń darí ilé náà mọ̀ ọ́n darí? Lẹ́yìn èyí, wọn a fún ilé náà ní ọ̀kan nínú ipò mẹ́rin: ó ta yọ, ó dára, ó kù díẹ̀ káàtó, tàbí kò dára rárá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015, dandan ni kí ilé kọ̀ọ̀kan lẹ ipò tí wọ́n fún un síbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í sì í sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé. Andrea Sutcliffe, tó jẹ́ olórí alábẹ̀wò nígbà kan, tilẹ̀ ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun máa bi ara wọn léèrè bóyá ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yẹn tẹ́ wọn lọ́rùn fún ìyá tiwọn. Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí nìyẹn. A kò gbọdọ̀ fi owú bo ohun tó dára mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ilé ìtọ́jú àgbà kan wà ní Copthorne, ní agbègbè West Sussex, tí wọ́n ń pè ní Orchid View. Wọ́n ṣí i ní 2009. Ní 2010, àjọ yìí kan náà ní ilé náà dára. Ní 2011 wọ́n tì í pa. Nígbà tí adájọ́ tí í wádìí ikú parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àgbà 19 tó kú, ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ó ní ìtọ́jú tí wọ́n rí gbà kò tó bó ṣe yẹ, àti pé àìbìkítà wà lára ohun tó pa márùn-ún nínú wọn. Òru ọjọ́ kan wà tí wọ́n rí àṣìṣe oògùn 28 níbẹ̀. Ta ló tú àṣírí náà? Kì í ṣe alábẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ ilé náà kan ló lọ bá àwọn ọlọ́pàá, ó ní wọ́n ní kí òun fa ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn sí ya.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ní 2024, Penny Dash, tí ìjọba ní kó yẹ iṣẹ́ àjọ náà wò, kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú márùn-ún ibi tó yẹ kí wọ́n bẹ̀ wò ni wọn kò tí ì fún ní ipò kankan rí. Ó tún gbọ́ nípa alábẹ̀wò ilé àgbà tí kò tí ì pàdé ẹni tí àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń ṣe rí láyé rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ojú tanwíjí, kí ló fẹ́ rí nínú àmù?

Ọmọ ilé-kéú mi kan rí, tó ń ṣiṣẹ́ òru nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, wá kí mi nígbà ọdún Iléyá. Ó ní: “Àáfà, ìwé kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹni tí kò bá lè yíra padà, wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ní kí á máa yí i, kí ara rẹ̀ má baà degbò. Bí a bá ti yí i tán, a ó kọ àsìkò, a ó bu ọwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n àwa méjì péré la máa ń wà lóru, àwọn àgbà náà sì pọ̀. Bó bá di ìdájí, a ó kàn kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: aago méjìlá, aago méjì, aago mẹ́rin. Alábẹ̀wò dé, ó wo ìwé náà, ó ní ó dára.”

Mo ní: “Ṣé ó wo ẹ̀yìn ìyá náà?”

Ó ní: “Rárá o, Àáfà. Ìwé ló wò.”

Mo bá a wí, mo sì káàánú rẹ̀. Ẹni tó fi ènìyàn méjì ṣọ́ ilé tó kún fún àwọn tí kò lè dìde ló jẹ̀bi jù. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà nínú iṣẹ́ yìí, bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọwọ́ tí ẹ bù lu ohun tí ẹ kò ṣe, ẹ̀rí èké ni, ara ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ẹ sì jẹ́ ẹ lé. Bí ọwọ́ kò bá ká iṣẹ́ náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọwọ́ kò ká a. Ìlà kan yẹn lè gba ẹ̀mí là.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò ti máa mirí. Wọn yóò ní: “Òyìnbó ló ń kó òbí jọ sínú ilé. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.” Mo ti gbọ́ ọ lórí àga wáàsí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ 23 nínú Súrátùl-Isírá, tó kọ̀ fún wa láti kùn sí òbí. Òdodo ni ẹsẹ̀ náà. Àwa la sọ ọ́ di ohun tí a fi ń yangàn sí ẹlòmíràn, dípò kí a fi yẹ ilé ara wa wò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Ọdún mẹ́ta ni ìyá mi fi dùbúlẹ̀ nílé kí wọ́n tó jáde láyé. Mo gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa tọ́jú wọn, mo ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, mo sì ń pè lórí fóònù. “Ṣé màmá ti jẹun?” “Wọ́n ti jẹun, sà.” Bí mo bá bá ìyá mi sọ̀rọ̀, wọn a ní àwọn dúpẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi. Ní ọjọ́ kan mo lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo bá ife omi lórí fèrèsé, níbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé. Ètè wọn ti bó, aṣọ tí wọ́n sùn lé lórí ti tutù. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, bí mo bá sọ, o ó bá a wí, o ó sì padà lọ. Ta ni yóò kù sọ́dọ̀ mi?”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ mú lọ́wọ́. Àgbà kì í fẹjọ́ ẹni tí yóò bù ú lómi mu lóru sùn. Nítorí náà, “a dúpẹ́” kì í ṣe èsì àbẹ̀wò. Yàrá ìyá mi pẹ̀lú, ilé àgbà ni, kò sì ní wolé-wolé.

Báwo ni kí á ṣe é? Ẹ lọ ní àsìkò tí wọn kò retí yín, lẹ́yìn ìṣá tàbí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ wo ibi tí omi wà, kí ẹ sì wò bóyá ẹnìkan ń gbé e dé ẹnu wọn. Òùngbẹ kì í gbẹ àgbà bí ó ti ń gbẹ ọmọdé, àìmu omi sì lè da orí wọn rú tí a ó fi rò pé ogbó ni. Ẹ ká aṣọ, kí ẹ wo gìgísẹ̀, ìbàdí àti ìdí. Lára òyìnbó, ibi tó fẹ́ di egbò a pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, pípọ́n náà kì í hàn dáadáa, ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ lè gbóná, ó lè le, tàbí kó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ tẹ aago tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́, kí ẹ ka ìṣẹ́jú tí ẹnìkan yóò fi dé. Ẹ béèrè iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìdákẹ́rọ́rọ́ tàn yín. Ní 2009, Sube Banerjee kọ ìròyìn kan fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 180,000 ènìyàn tí àìsàn ìgbàgbé ń ṣe ni wọ́n ń fún ní oògùn tí a fi ń tu orí alárùn-ọpọlọ lára, àti pé nǹkan bí 1,800 nínú wọn ló ń kú lọ́dọọdún nítorí rẹ̀. Bí màmá tó máa ń sọ̀rọ̀ bá wá ń sùn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fún wọn lò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àbẹ̀wò yín ń fi hàn pé ẹ kò fọkàn tán òun, ẹ sọ fún un pé ìyá onílé tí omi rẹ̀ mọ́ kì í sá fún wolé-wolé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti sọ pé ilé ìtọ́jú kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò àwọn tó ń gbé ibẹ̀ láìnídìí tó lágbára. Kòrónà ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n: nígbà tí àjọ alábẹ̀wò dá àbẹ̀wò tó máa ń ṣe dúró ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ má wọlé, ojú méjèèjì ló fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nílé níbí ńkọ́? Òfin tó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ ti jáde ní Nàìjíríà, mo sì kí àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí yóò ká aṣọ lára ìyá wa. Àwa nínú ẹgbẹ́ wa ní ìgbìmọ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ ìsìnkú àti ìgbìmọ̀ wolimọ. A kò ní ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa lọ wo omi àwọn àgbà àdúgbò wa, yálà inú ilé ìtọ́jú ni wọ́n wà tàbí inú yàrá ilé ọmọ wọn. A máa ń péjọ lọ́pọ̀ bí wọ́n bá kú tán. Ẹni tí ẹgbàá ènìyàn sin, tí ẹnìkan kò bù lómi mu ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí la ṣe fún un?

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí olúkúlùkù wa dìde lọ wò ó bóyá wàrà ń bẹ nínú ọmú náà. Kí Ọlọ́hun Ọba forí ji àwa tí a pẹ́ kí a tó lọ, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Àmín.