Eku Tó Léfòó Kò Wí Pé Ayé Sú Òun

Ẹ wo eku kan nínú ìgò gíga tí wọ́n rọ omi sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, ara ìgò ń yọ̀, kò sí ohun tí ó lè dì mú. Yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ kíkankíkan, yóò máa ha ìgò kiri. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò léfòó, imú rẹ̀ nìkan ni yóò gbé sókè kó lè mí. Ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò tó ń wo aago. Àkókò tí eku fi dúró ni ó ń kọ sílẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni àìnírètí.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni mo bá jà.

Porsolt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìdánwò yìí jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1977. Wọ́n rí i pé eku tí a fún ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ́ ju èyí tí a kò fún lọ. Ìdánwò náà kò náni lówó púpọ̀, kì í sì í pẹ́ parí, nítorí náà ó tàn ká. Ṣùgbọ́n kí ni eku náà ì bá tún ṣe? Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń fi í sínú omi lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á tún dá a padà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì yìí, kì í pẹ́ tó fi ń léfòó. Ó ti wá ọ̀nà àbájáde lánàá, kò rí i. Ó léfòó, omi kò gbé e mì, wọ́n sì wá yọ ọ́. Kí ló dé tí yóò tún fi agbára ṣòfò? Bí ọmọ apẹja bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dànù, gbogbo abúlé ni yóò yìn ín pé orí rẹ̀ pé.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ran ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú ìgò yìí, láàárín ọjọ́ kan ni wọ́n ti ń rí iṣẹ́ rẹ̀. Kaféènì, èyí tó wà nínú obì tí bàbá àgbà ń jẹ, náà lè mú kí eku lúwẹ̀ẹ́ pẹ́ sí i. Ta ló wá máa fi obì wo ẹni tí ayé sú?

Mi ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n tú gbogbo eku sílẹ̀. Ìyá ìyá mi ń gbàgbé ọ̀nà yàrá tó ti ń sùn láti ọdún 40. Bí ìwádìí lára eku bá lè fi ohun tó ń jẹ ìrántí rẹ̀ hàn, kí wọ́n ṣe é. Ní 1981, Richard Morris, ní Yunifásítì St Andrews ní Scotland, kọ̀wé nípa adágún omi rọ̀bọ̀tọ̀ kan tí pèpéle kékeré fara sin sí lábẹ́ omi. Eku tó bá rí pèpéle náà á gùn ún, á sinmi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti sọ ọ́ sómi, tààrà ló ń lọ síbẹ̀, nítorí ó ti fi àwọn ohun tó wà nínú yàrá sàmì. Àwọn eku tí wọ́n ba apá ọpọlọ wọn tí à ń pè ní hippocampus jẹ́ kò lè mọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi yìí náà kò tu eku lára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi í ní ìdáhùn, ìdáhùn náà ló sì ń yọ ọ́ nínú omi. Nínú ìgò, kò sí ìbéèrè kankan.

Mo mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n ka ìbẹ̀rù ẹni sí nǹkan mìíràn. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa kan máa ń gbé pàṣán lé èjìká kó tó bi wá ní ìsọdipúpọ̀. Mo mọ 7 lọ́nà 8 nílé. Ìyá mi lè jẹ́rìí. Níwájú pàṣán, ẹnu mi kú. “Olódo” ló kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Kò purọ́ nípa ohun tó rí, mo dákẹ́ lóòótọ́. Ìtumọ̀ tó fún ìdákẹ́jẹ́ mi ni irọ́.

Ní 2010, Jane Hurst àti Rebecca West ní Yunifásítì Liverpool fi hàn pé èkúté tí wọ́n ń di ìrù rẹ̀ mú gbé máa ń bẹ̀rù ju èyí tí wọ́n fi ọ̀pá oníhò tàbí àtẹ́lẹwọ́ gbé lọ. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Kánádà rí i pé òórùn ọkùnrin nìkan tó láti kó ìdààmú bá eku. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa ìrántí eku, mélòó ló jẹ́ ìrántí, mélòó ló jẹ́ jìnnìjìnnì?

Ẹnìkan nílé wa sọ pé àwa tí à ń dẹ èbìtì, tí à ń fi òkété se ọbẹ̀, a ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo lẹ́nu. Ẹni tó dẹ èbìtì fẹ́ jẹ ẹran ni; kò sọ fún aládùúgbò pé eku náà bá òun sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń di oògùn tí àwọn èèyàn wa yóò gbé mì.

Kí wọ́n da omi inú ìgò náà nù. Kí adágún Morris wà, kí wọ́n sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbé eku débẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má kọ́ wa mọ́ pé eku tó léfòó ti sọ̀rètí nù. Ẹ sọ fún wa pé ó léfòó, kí ẹ sì bi wá ní ìdí rẹ̀.