Ẹni Tó Hun Kíjìpá Yẹn, Kí Lorúkọ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá lónìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ fọkàn balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní àgbàlá ìyá àgbà kan ní Ìyìn-Èkìtì. Mo rí aṣọ kan tí wọ́n fi bo àpò sìmẹ́ǹtì. Mo gbọn eruku rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án: kíjìpá ni! Òwú tí wọ́n fọwọ́ ran, tí wọ́n pa láró ẹ̀lú. Mo ní, "Màmá, ta ló hun èyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá tó bí mi ni. Àwọn ọmọ ló ní kò wúlò mọ́." Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mí.

Òwe ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, torí pé ó yi, kì í tètè gbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó hun ún kì í ṣe ọ̀lẹ rárá! Lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, obìnrin ló ń hun ún, lórí òfì tó nàró ti ògiri. Wọn á yọ kóró inú òwú, wọn á ran án, wọn á pa á láró, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí hun. Òfì ọkùnrin, irú ti Ìsẹ́yìn, tóóró laṣọ rẹ̀. Tobìnrin fẹ̀; ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta tí a bá rán pọ̀ ti tó ìró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Ní ìlú Ulm ní Jámánì, ẹ̀wù méjì wà ní mùsíọ́mù, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin tòní, ni wọ́n ti kó wọn lọ, wọ́n sì ti dé ọwọ́ oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ṣáájú 1659. Ó lé ní 360 ọdún, wọn ò tíì jẹrà! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: a mọ orúkọ ẹni tó kó wọn pamọ́, a ò mọ orúkọ ẹni tó hun wọ́n.

Nílé níbí, Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí ní 1951, ọ̀dọ̀ ìyá ńlá wọn ni wọ́n ti kọ́ aṣọ híhun. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọn kì í kó iṣẹ́ àtijọ́ pamọ́ lásán, wọ́n ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ṣebí a ní ilé iṣẹ́ aṣọ Odù'a rí ní Adó, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti dákẹ́. Ẹ̀rọ lè dákẹ́ kí a tún un ṣe. Ọwọ́ ìyá tó mọ òfì, bó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ìjọba. Bí kíjìpá bá wà nílé, ẹ gbọn ọ́n, ẹ fẹ́ ẹ síbòji, ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Kí ọmọ tó mọ̀wé kọ ọ́ sí bébà: ta ló hun ún, ìlú wo, ìgbà wo, kí ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹ fi bébà náà sínú aṣọ. Lọ́jọ́ tí mùsíọ́mù aṣọ bá dé ìtòsí wa, a ó ní ohun tí a ó gbé síbẹ̀, tòun torúkọ.

Ìyá àgbà yẹn ti ká aṣọ wọn kúrò lórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ìyá wọn, mo sì kọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.